Kí ni Kọ̀ǹpútà Yín Ń Dúró Dè? Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Ìran Prósẹ́sọ̀

Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò ọ̀fẹ́ fún Windows 10. Ọ̀rọ̀ náà ì bá má dun ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́ pé gbogbo kọ̀ǹpútà ló lè gba Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀. Ṣùgbọ́n Windows 11 ń ṣa ẹni tó ń gbà sílé: yàtọ̀ sí díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda fún, prósẹ́sọ̀ Intel tó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ kò wọlé. Ìran kẹjọ yẹn fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọmọ àná, oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. HP EliteBook 840 G3, Dell Latitude E7470, Lenovo ThinkPad T460, àwọn láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ẹni tó bá ti na Computer Village ní Ìkẹjà mọ̀ bí ẹni mowó, ìran kẹfà ni gbogbo wọn. Wọ́n ṣì ń tàn, wọ́n ṣì ń tẹ̀wé, wọ́n ṣì ń gbé Zoom. Ilẹ̀kùn ló tì mọ́ wọn.

Ìbéèrè tó wá kù ni pé, ṣé ká pààrọ̀? Àwọn ọlọ́jà ti ní ìdáhùn tiwọn, kò sì sí ọlọ́jà tí yóò ní kí ẹ má rà. Èmi náà kò tako pípààrọ̀. Ohun tí mo tako ni kí nọ́ńbà ìran máa bá ènìyàn ṣèpinnu. Nínú gbogbo ìran tí Intel kó jáde láàárín ọdún 2011 sí 2020, fífò kan ṣoṣo ló wà tí ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yóò fojú ara rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ẹnìkan ṣàlàyé fún un, òun náà ni láti ìran keje bọ́ sí ìkẹjọ. Ní ti ìyókù, kí ènìyàn kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dúró dè kó tó fọwọ́ sápò.

Sítíkà ló kọ́kọ́ ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ọlọ́jà á nàka sí i, á ní, “Ọ̀gá mi, i7 nìyí o, kì í ṣe i5.” Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé i7-6600U sí ẹ̀gbẹ́ i5-8250U. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé dáàṣì ló ń sọ ìran: ìran kẹfà ni ti àkọ́kọ́, ìran kẹjọ ni èkejì. Core, ìyẹn apá prósẹ́sọ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ gan-an, méjì ló wà nínú i7 yẹn, mẹ́rin ló wà nínú i5. Ọlọ́jà tó bá gbójú lè ní kí ẹ wo GHz, torí 2.6 ni wọ́n kọ fún i7, 1.6 péré sì ni ti i5. Kò purọ́, àmọ́ ìyára ìpìlẹ̀ lásán nìyẹn. Bí iṣẹ́ bá dé, àwọn méjèèjì ló lè sáré dé 3.4, wáàtì 15 kan náà ni Intel sì kọ fún àwọn méjèèjì. Ìyẹn ni pé i5 tí wọ́n ń fojú di ní ìlọ́po méjì core, ìyára rẹ̀ kò sì kéré sí ti i7 nígbà tí iṣẹ́ bá le. Ẹni tó bá sanwó lé e nítorí lẹ́tà i àti nọ́ńbà 7 ti ra orúkọ.

Lẹ́tà ìparí náà ní iṣẹ́ tó ń jẹ́. U ni ti láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ oníwáàtì 15. HQ tàbí H ni ti àwọn oníwáàtì 45 tó wúwo tó sì máa ń gbóná. i7-6700HQ ti ní core mẹ́rin láti ọdún 2015. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀ tó wá lọ fi ra i5-8250U kò ní rí ìtẹ̀síwájú kankan tó tó sọ lẹ́nu iṣẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Windows 11 yóò ta tirẹ̀ nù tí yóò sì gba èkejì. Ní òdìkejì, i3-8130U jẹ́ ìran kẹjọ lóòótọ́, ó sì ń wọ Windows 11, ṣùgbọ́n core méjì ló ṣì wà nínú rẹ̀. Láti ìran kẹwàá lọ, nọ́ńbà náà tún dojú rú: i5-1135G7 kì í ṣe ìran kìíní, ìran kọkànlá ni. Ní òpin ọdún 2023, Intel tilẹ̀ yọ lẹ́tà i kúrò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe tiwọn ní Core Ultra.

Ti AMD, orogún Intel, kò sàn jù. Ryzen 5 7520U dún létí bí ẹ̀rọ tuntun, ọdún 2022 ló sì jáde, àmọ́ irú core Zen 2 tí AMD ti gbé síta láti ọdún 2019 ni wọ́n kó sínú rẹ̀. Nọ́ńbà kẹta, 2 yẹn, ló tú àṣírí. Ryzen 5 7530U tó dà bí ìbejì rẹ̀, Zen 3 ni. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ gbogbo orúkọ náà sílẹ̀ títí dórí lẹ́tà ìparí, kí ẹ sì wá a lórí ìkànnì ẹni tó ṣe é. Bí ọlọ́jà bá ní “Core i5 ni, kí lẹ tún ń wá?”, ẹ ti mọ ohun tó ń sá fún.

Kí ló fà á tí ìran méje fi kọjá tí core méjì kò di mẹ́rin? Ìtàn rẹ̀ gùn, ṣùgbọ́n ó yẹ ká mọ̀ ọ́n, torí òun ló ń fi hàn pé kì í ṣe gbogbo ìran ló jẹ́ ìtẹ̀síwájú. Ní ọdún 1965, Gordon Moore, tó di ọ̀kan lára àwọn tó dá Intel sílẹ̀ lẹ́yìn náà, kọ ọ́ pé iye ẹ̀yà tó ń wọ inú ègé ṣíìpù kan ń di ìlọ́po méjì lọ́dọọdún. Ní 1975 ó tún un ṣe sí ọdún méjì-méjì. Fún ìgbà pípẹ́, bí ẹ̀yà ṣe ń kéré sí i ni ìyára ń pọ̀ sí i. Ẹni tó ra kọ̀ǹpútà ní 1995 tó sì ra òmíràn ní 2000 kò nílò ẹni tí yóò sọ ìyàtọ̀ fún un. Ooru ló dá eré náà dúró. Ní 2004 ni Intel fagi lé Pentium 4 oní-4GHz tí wọ́n ti ń ṣèlérí rẹ̀, torí iná tó ń jẹ àti ooru tó ń tú jáde ti kọjá ohun tí fáànù lè gbé. Láti ìgbà náà, dípò kí core kan máa sáré sí i, wọ́n ń fi òmíràn kún un.

Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní alátakò kì í kánjú. Láti ìran kejì ní 2011 títí dé ìran keje, core méjì ni Intel ń tà fún àwọn tó ń ra i5 àti i7 oní-U. Láti 2014 ni wọ́n ti ń lo ìlànà ìṣẹ̀dá 14nm, wọn kò sì kúrò lórí rẹ̀ tán lórí kọ̀ǹpútà orí tábìlì títí ìran kejìlá fi jáde ní òpin 2021. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, AMD gbé Ryzen jáde, core mẹ́jọ ní iye owó tí Intel ń ta mẹ́rin. Kí ọdún yẹn tó parí, Intel ti sọ méjì di mẹ́rin nínú láptọ́ọ̀pù, wọ́n sì ti sọ mẹ́rin di mẹ́fà nínú i5 orí tábìlì. Wọn kò sọ pé Ryzen ló lé wọn sáré, àmọ́ ẹni tó bá mọ ọjà kò nílò kí wọ́n sọ ọ́.

Nítorí náà, ẹni tó fi ìran kẹrin sílẹ̀ tó gba ìran keje kò jèrè púpọ̀ ní ti agbára. Bátìrì lè pẹ́ díẹ̀ sí i. Ìran keje tún mọ bí a ṣe ń tú fídíò VP9 fúnra rẹ̀ láìda gbogbo iṣẹ́ náà sórí core, èyí sì kan ẹni tó ń wo YouTube títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ìran kọkànlá ló fi AV1 kún un. Ohun tó dára ni, kò kàn tó kí ènìyàn torí rẹ̀ yáwó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣòfò nìyí: láptọ́ọ̀pù falẹ̀, onílé sọ pé ọpọlọ rẹ̀ ti gbó, ó tà á ní ẹ̀dínwó, ó lọ gbé ìran tuntun. Kí a tó dá prósẹ́sọ̀ lẹ́bi, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Task Manager yóò ṣí. Ẹ lọ sí Performance, kí ẹ ṣe iṣẹ́ tó máa ń pọ́n yín lójú níbẹ̀, kí ẹ sì máa wo àwọn ìlà náà. Bí Disk bá ń fi 100% hàn nígbà tí CPU wà ní 15%, ọ̀rọ̀ ti yanjú: prósẹ́sọ̀ jókòó, ó ká ọwọ́ gbera, ó ń dúró de fáìlì. Ìyá olóúnjẹ lè yá ọwọ́ dé ibi tó wù ú, bí ọmọ tó rán lọ pọnmi kò bá tíì dé, àmàlà kò lè délẹ̀.

Háàdì dísìkì tó ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan kò lè dáhùn ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ìbéèrè kéékèèké lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí irin kan ní láti rìn lọ síbi tí nǹkan wà. SSD kò ní irin tó ń rìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni tirẹ̀. Windows sì máa ń béèrè àwọn nǹkan kéékèèké bẹ́ẹ̀ láìsinmi. Gene Amdahl, ará Amẹ́ríkà tó ṣiṣẹ́ ní IBM, ti fi ìṣirò hàn ní 1967 pé bí ẹ bá mú apá kan iṣẹ́ yá, èrè yín kò lè kọjá ìwọ̀n àkókò tí apá náà ń gbà. Ká sọ pé kọ̀ǹpútà kan ń gba ìṣẹ́jú-àáyá 60 kó tó ṣí, tí 40 jẹ́ ti dísìkì, tí 20 jẹ́ ti prósẹ́sọ̀. Ẹ ra prósẹ́sọ̀ tó yára ní ìlọ́po méjì: 60 á di 50. Ẹ fi prósẹ́sọ̀ àtijọ́ sílẹ̀, ẹ fi SSD tó yára ní ìlọ́po mẹ́wàá sí i: á di 24. Owó SSD kò sì sún mọ́ owó láptọ́ọ̀pù.

Bí Disk bá wà ní jẹ́ẹ́jẹ́ tí Memory ń fi 90% hàn, RAM ni. 4GB kò tó mọ́ fún ẹni tó ń ṣí ojú ewé púpọ̀ nínú Chrome. EliteBook 840 G3 ní ojú RAM méjì, ẹ̀yìn rẹ̀ rọrùn láti ṣí, 16GB yóò sì wọ̀ ọ́ bí ẹni pé wọ́n rán an mọ́ ọn. Lóòótọ́, RAM ti gbówó lórí láti òpin ọdún 2025 torí bí àwọn tó ń kọ́ ilé ẹ̀rọ AI ṣe ń rà á lárà-kó, síbẹ̀ ó ṣì dínwó ju ẹ̀rọ tuntun lọ.

Ohun kẹta ni ooru, èyí tí ẹni kankan kì í rántí. Eruku ọyẹ́ ọdún mẹ́ta á ti dí ojú fáànù, pásítì tó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń kó ooru lọ á ti gbẹ, ẹ̀rọ náà á sì dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má bàa jóná. Ẹ ó rí i nínú Task Manager: CPU wà ní 100%, àmọ́ Speed kò kọjá 0.8GHz. Ẹńjinníà tó mọṣẹ́ á gbọn eruku náà, á yí pásítì padà, ẹ̀rọ á sì sọjí. Mo gbà pé bí ènìyàn bá ti ṣe nǹkan mẹ́ta yìí, tí CPU ṣì ń fi 100% hàn ní ìyára pípé lójoojúmọ́, àkókò ti tó láti sọ̀rọ̀ ìran.

Ẹlòmíràn á ní, ṣé kò ṣeé ṣe ká yọ prósẹ́sọ̀ nìkan ká fi òmíràn rọ́pò? Nínú láptọ́ọ̀pù, ẹ gbàgbé rẹ̀. Láti ìran karùn-ún ni Intel ti ń jó tiwọn mọ́ mọ́dábọ́ọ̀dù. Ti orí tábìlì ṣì ṣeé yọ, àmọ́ ẹ̀tàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. LGA 1151 ni orúkọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ìran kẹfà àti ìkeje, LGA 1151 náà ni ti ìkẹjọ àti ìkẹsàn-án, ihò àti ìwọ̀n kan náà, ṣùgbọ́n ìran kẹjọ kò ní ṣiṣẹ́ lórí mọ́dábọ́ọ̀dù ìran kẹfà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ní láti ra mọ́dábọ́ọ̀dù pẹ̀lú. AMD ló ṣe é bí ọmọlúàbí: ọ̀pọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù AM4 tí wọ́n rà ní 2017 ló gba Ryzen 5000 lẹ́yìn tí BIOS tuntun (ètò tó ń tan mọ́dábọ́ọ̀dù) dé ní 2022. Bí ẹ bá ní AM4 nílé, prósẹ́sọ̀ nìkan lẹ máa rà, mo sì rò pé kò sí pípààrọ̀ tó mọ́yán lórí tó bẹ́ẹ̀ lọ́jà báyìí.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ Windows 11. Yàtọ̀ sí ìran, ó ń béèrè TPM 2.0, ibi tí kọ̀ǹpútà ń pa kọ́kọ́rọ́ àṣírí rẹ̀ mọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ọ́fíìsì ìran kẹfà ló ní in, wọ́n kàn ṣubú nídìí ọjọ́ orí. Àwọn ẹńjinníà máa ń fi ọgbọ́n gbé Windows 11 wọ inú wọn, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ Microsoft ti sọ pé àwọn kò ṣèlérí àtúnṣe fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù ṣe ìṣòwò, tí owó oníbàárà ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò yẹ kó gbára lé e. Ẹni tí kò tíì lówó lọ́wọ́ lè forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àtúnṣe Windows 10 tí Microsoft kéde pé yóò dé ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. 30 dọ́là ni, tàbí ọ̀fẹ́ fún ẹni tó bá gbà láti so ètò ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ àkáǹtì Microsoft. Ọ̀nà kẹta ni Linux Mint, tí kò bìkítà nípa ìran yín. Ẹni tó jẹ́ pé Chrome, íméèlì àti lẹ́tà títẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ kò ní pàdánù púpọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó ń lo CorelDRAW kò ní lè fara dà á.

Àwọn wo ni mo wá máa sọ fún pé kí wọ́n lọ ra ìran tuntun lónìí? Àwọn tó ń gé fíìmù. Fíìmù Yorùbá ti kó lọ sí YouTube, ẹni tó ń tò ó pọ̀ lórí core méjì yóò máa tẹ bọ́tìnnì, á lọ jẹun kó tó padà wá bá a. Iṣẹ́ fídíò máa ń pín sórí gbogbo core tó bá rí, nítorí náà core mẹ́rin á gé àkókò rẹ̀ kù gidigidi, ìran kejìlá tó kó core ńlá àti core kékeré pọ̀ á sì gé e kù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń kọ áàpù Android náà wà níbẹ̀, àti àwọn ayàwòrán ilé. Olùkọ́, akọ̀wé, aládàákọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé-ìwé gíga, pásítọ̀ tó ń fi ẹsẹ Bíbélì hàn lára ògiri: ìran kẹjọ oní-8GB pẹ̀lú SSD tó wọn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ní kí òun kúkú ra èyí tó tuntun jù kí òun sinmi. Ó léwu ju bó ṣe dún lọ. Ní 2024, àwọn tó ra prósẹ́sọ̀ orí tábìlì ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá rí i pé ẹ̀rọ wọn ń kú lójijì láàárín iṣẹ́. Ní oṣù keje ọdún náà, Intel jẹ́wọ́ pé àṣìṣe nínú microcode, ìyẹn àwọn àṣẹ inú prósẹ́sọ̀ fúnra rẹ̀, ń mú kí prósẹ́sọ̀ gba fólítéèjì tó ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n fi ọdún méjì kún wáràńtì, wọ́n sì gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹjọ. Èyí tó ti bàjẹ́ ṣáájú àtúnṣe kò sì lè padà bọ̀ sípò. Ta ló fẹ́ fún oní-tòkunbọ̀ ní wáràńtì yẹn? Ìran tó ti pé ọdún mẹ́rin, márùn-ún lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn ti fi àbùku rẹ̀ hàn.

Owó náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Kí ìjọba àpapọ̀ tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó 480 náírà ní ọjà ìjọba. Láàárín ọdún kan ó ti kọjá 1,400. Láptọ́ọ̀pù tí ènìyàn ì bá fi owó oṣù kan rà ti di ohun àdáṣe àti àjọ. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, bí wọ́n bá ń ta ThinkPad T480 ìran kẹjọ àti láptọ́ọ̀pù tẹ́ẹ́rẹ́ ìran kọkànlá ní iye tó súnmọ́ra, T480 ni èmi máa gbé. Ojú RAM méjì ló ní, bátìrì rẹ̀ tẹ̀yìn ṣeé yọ. Nínú ọ̀pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n ti jó RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Bó bá jẹ́ 8GB, 8GB náà ló máa kú sí.

Ẹ tún wo iná. Láptọ́ọ̀pù oní-H lè mu ìlọ́po mẹ́ta ohun tí oní-U ń mu nígbà tí iṣẹ́ bá le, ẹni tó ń gbé orí ínfátà yóò sì mọ̀ ọ́n lára kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ má gba sítíkà gbọ́. Ẹ ní kí ọlọ́jà tan ẹ̀rọ náà, kí ẹ ṣí Task Manager fúnra yín, kí ẹ ka ìlà tí wọ́n kọ Cores sí. Ẹ tẹ tpm.msc, kí ẹ rí 2.0 níbẹ̀. Ẹ tẹ powercfg /batteryreport nínú Command Prompt, kí ẹ fi ohun tí bátìrì lè gbà báyìí wé ohun tó ń gbà nígbà tó wà ní tuntun. Bó bá ti wà ní ìdajì, ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí wọ́n pè fún yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì wọ BIOS. Ẹ̀rọ ọ́fíìsì ni púpọ̀ nínú wọn, ọ́fíìsì kan lókè òkun sì lè ti fi páásíwọ̀dù dè é. Bó bá béèrè páásíwọ̀dù tí ọlọ́jà náà ní “ìyẹn ò ṣe nǹkan kan”, ẹ dá a padà fún un, ìran yòówù kó jẹ́.